Nígbà Tí Ọmọ Ò Wálé fún Ọlidé

Ilé tí ọmọ ti wálé, a mọ̀ pé ariwo pọ̀ níbẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ kì í sì pẹ́ gbẹ. Ilé tí ọmọ ò wálé, àwa mọ bó ṣe ń rí, nítorí bí ilé tiwa ṣe rí nìyẹn lọ́dún 2025.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe yìí la tẹ̀ mọ́ ọmọ wa obìnrin létí láti oṣù Karùn-ún títí oṣù Keje fi ń parí lọ. Accra ló wà, ní Yunifásítì Ghana tó wà ní Legon, níbi tó ti ń kọ́ nípa eré orí ìtàgé. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyẹn. A ní kó máa bọ̀ nílé, ó ní òun ò tíì lè wá. A bínú. Ohun tó ti inú ìbínú yẹn jáde la fẹ́ sọ fún yín lónìí, torí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ní ọmọ lẹ́yìn odi, tí ẹ ń fi ìka ka oṣù tí yóò dé.

Bó ṣe dé Legon

Ẹ ó rántí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ Yunifásítì lọ́dún 2022. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ló bẹ̀rẹ̀, oṣù Kẹwàá ló tó parí. Oṣù mẹ́jọ ni. Ọmọ wa wà lára àwọn tó ń wá bí wọ́n ṣe máa wọlé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ó jókòó sílé títí, ó kọ́ aṣọ rírán, ó kọ́ irun dídì, ó sì ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe eré Kérésìmesì. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ilé ìwé ní Ghana. A bi í pé kí ló fẹ́ lọ kọ́. Ó ní eré. A wo ara wa lójú. Owó dọ́là ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tí kì í ṣe ọmọ Ghana. Ṣé eré la wá fẹ́ fi dọ́là rà?

Màmá àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, wà níjòókòó lọ́jọ́ náà. Màmá ti pé ẹni ọdún 75 nígbà yẹn. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa eré. Gbólóhùn kan ló jáde lẹ́nu wọn: "Ghana? Ṣé kò sí ibòmíràn ni?" Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá wọn lọ. Àwa rò pé jíjìnnà ọ̀nà ló ń dùn wọ́n. A ò béèrè. Nígbẹ̀yìn, a jẹ́ kí ọmọ lọ.

Ìparí sáà fún ọmọ tó ń kọ́ eré

Ká sọ òótọ́, a ò mọ ohun tí ọmọ tó ń kọ́ eré máa ń ṣe ní ìparí sáà ẹ̀kọ́. Ọmọ tó ń kọ́ òfin tàbí ìṣirò, a mọ̀ pé yóò kàwé, yóò wọ yàrá ìdánwò, yóò sì jáde. Ti eré ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ yìí ní ìdánwò tí wọ́n ń kọ sórí ìwé, ó ní àròkọ tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, ó tún wá ní eré gan-an tí wọ́n máa ṣe níwájú èrò, tí àwọn olùkọ́ yóò sì fún wọn ní máàkì lé e lórí. Kò sí ẹni tó lè dá eré ṣe. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé wà, ẹni tó ń tan iná wà, ẹni tó rán aṣọ wà, ẹni tó kan pákó tí a fi ṣe ilé lórí ìtàgé wà, ẹni tó sì mú ìwé eré dání wà, tó ń ṣọ́ kí ọ̀rọ̀ má bọ́ lẹ́nu òṣèré. Bí ẹnì kan ò bá wá sí ìdánrawò, iṣẹ́ ogún èèyàn ló dúró.

Aago mẹ́jọ alẹ́ la máa ń pe ọmọ wa. Aago mẹ́jọ alẹ́ náà ni ìdánrawò wọn máa ń gbóná. Bí kò bá gbé fóònù, ìyá rẹ̀ á tún un pè. Bí kò bá tún gbé e, bàbá rẹ̀ á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé, "Ó dáa, a ti mọ̀, o ò ráyè tiwa mọ́." Òru ló máa ń fèsì, ohùn rẹ̀ á ti há: "Ẹ má bínú, Dádì, Mọ́mì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ohun mìíràn tún wà tí a kò mọ̀. Lọ́dọọdún ní Accra, àwọn Ga tó ni ilẹ̀ máa ń fòfin de ìlù àti ariwo fún ọgbọ̀n ọjọ́, láti oṣù Karùn-ún wọ oṣù Kẹfà. Àwọn àwòrò wọn ti gbin ọkà tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà fún ọdún Homowo nígbà náà, wọ́n sì gbà pé ó yẹ kí ilẹ̀ dákẹ́ kí irúgbìn lè hù. Ilé ọtí, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, òde àríyá, gbogbo wọn ni òfin náà kàn. Ẹ wá wo eré tí ẹgbẹ́ ọmọ wa ń múra sílẹ̀ fún: ìlù àti ijó ló kún inú rẹ̀. Olùdarí eré wọn ní kí òfin tó dé, eré gbọ́dọ̀ ti parí. Wọ́n fa ọjọ́ eré wá sítòsí, ló bá kọlu ìdánwò. Ọmọ wa ń kàwé láàárọ̀, ó ń rán aṣọ eré lọ́sàn-án, ó ń ṣe ìdánrawò lálẹ́. Iṣẹ́ aṣọ tó kọ́ nílé nígbà ìyanṣẹ́lódì ló wá di ìyà fún un, torí òun nìkan ló mọ aṣọ gé nínú wọn. Lọ́jọ́ kan tó ń lọ ra aṣọ ní ọjà Madina, ó sùn lọ nínú trotro, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré tó dà bí dáńfó tiwa. Ìgbà tó lajú, wọ́n ti gbé e kọjá ọjà.

A bi í pé eré wo ló ń jẹ ẹ́ níyà tó báyìí. Ó ní àlọ́ ni. Ìyẹn pa wá lẹ́rìn-ín. Ó wá ṣàlàyé. Ní Ghana, Ananse aláǹtakùn ni Ìjàpá tiwọn: ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, olójúkòkòrò, ẹni tí gbogbo ayé mọ ìwà rẹ̀ tí wọ́n tún ń fẹ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Efua Sutherland, obìnrin ará Ghana tí wọ́n bí ní 1924, ló sọ àlọ́ Ananse di oríṣi eré orí ìtàgé kan tó pè ní Anansegoro. Bí ìtàn bá ń lọ lọ́wọ́, àwọn tó wà lágbo á dá orin sí i. Mboguo ni wọ́n ń pe orin náà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ àlọ́ ní kékeré, ẹ ò ní ṣàì rántí bí ẹnì kan ṣe ń lé orin, tí gbogbo wa ń gbè é.

Obìnrin yìí kan náà ló dá Ghana Drama Studio sílẹ̀. Ọdún 1961 ni wọ́n ṣí i ní àárín ìlú Accra, ìtàgé tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí àgbàlá ilé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ National Theatre, èyí tó ṣílẹ̀kùn ní 1992, wọ́n wó o. Wọ́n wá kọ́ irú rẹ̀ sí Legon, wọ́n sì fi orúkọ Efua Sutherland pè é. Orí ìtàgé yẹn ni ọmọ wa ti ṣe eré ìparí sáà. "Dádì, wọ́n wó o níbi tó wà, wọ́n tún un kọ́ síbòmíràn, orúkọ rẹ̀ ò sì parẹ́," bẹ́ẹ̀ ló wí. A ò tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé wa ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ọlidé dé, ọmọ ò dé

Wọ́n ṣe eré, wọ́n ṣe ìdánwò, ó parí. A ti ń ṣètò: ìyá rẹ̀ ti ra èlùbọ́ tuntun, bàbá rẹ̀ ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ ní Èkó. Ló bá pè. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ní James Town, ní etí òkun Accra, ń ṣe eré kan tí wọ́n fẹ́ gbé jáde ní oṣù Kẹjọ lẹ́yìn ọdún Homowo. Wọ́n ti ní kí òun wá bá wọn ṣe é. Òun nìkan ni ọmọ Yorùbá láàárín wọn. Ìtàn àwọn tó kó jáde ní Ghana lọ́dún 1969 ni eré náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Ẹni tó ṣojú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Màmá àgbà ń kọ́?"

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a kì í sábà sọ nílé wa. Accra ni wọ́n bí bàbá ilé yìí sí, lọ́dún 1968. Orí ìwé ìbí rẹ̀ nìkan ló ti mọ̀ ọ́n. Màmá ò sọ ọ́ fún un rí ju pé "a ti gbé Ghana rí." Ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí à ń gbé ló ní irú ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n á dá a, tí wọn ò ní parí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò pamọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á tàbí kó jáde kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ọ̀ffà àti Ìlọrin ni wọ́n ti lọ, wọ́n sì ń tajà káàkiri Ghana títí dé òkè àríwá. Àwọn mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Wọn ò mọ ilé bàbá wọn, àfi kí wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wọn láti tú ilé ká.

A bá Màmá sọ ọ́. Ojú wọn yí padà. "Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn sùn. Ọmọ tí a rán lọ kàwé, ṣé èmi ni wọ́n ń kà níbẹ̀?" A sọ fún ọmọ pé Màmá kọ̀, pé kó máa bọ̀ nílé. Òun náà ní òun ò bọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin, kò sẹ́ni tó pe ẹnì kejì.

Ọmọ yẹn ò bá Màmá jiyàn. Ẹnì kan ń bọ̀ láti Accra, ó fi nǹkan rán an. Nígbà tí a tú ọ̀rá, ọṣẹ dúdú ni. Ó sì fi ohùn ránṣẹ́: "Màmá, ẹ kú ilé o. Ẹ wo ọṣẹ tí mo rí lọ́jà. Alata samina ni wọ́n ń pè é níbí. Samina ni ọṣẹ. Wọ́n ní Alata ni àwa, àwa tí a ti ọ̀dọ̀ yín wá. Màmá, ta ló kọ́kọ́ tà á fún wọn?"

Màmá gbé ọṣẹ náà sí imú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò tún jẹ́? Ìyá ọkọ mi ń sè é lẹ́yìnkùlé ní Lagos Town. Eérú pádi kòkó ló fi ń sè é." Kò tíì sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Lagos Town lẹ́nu Màmá rí. Ìyá ilé yìí rọra tẹ fóònù, ó ń gba ohùn sílẹ̀. Alẹ́ mẹ́sàn-án ni Màmá fi sọ̀rọ̀.

Ohun tí Màmá sọ

Lagos Town ni àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town lónìí. Màmá ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Makola. Ọkọ wọn ń rán agbádá. Ilé tí wọ́n háyà, àwọn àti ìyá Ga kan ni wọ́n jọ ń lo àgbàlá kan. Ìyá Ga yẹn ló gbẹ̀bí ọmọ wọn, òun ló fi omi gbígbóná wẹ Màmá fún ogójì ọjọ́.

Nígbà tí àṣẹ jáde, abọ́ tí Màmá ń tà ní owó gidi, wọ́n fi tọrẹ. Àwọn tó jẹ wọ́n lówó ò yọjú mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ọkọ wọn wúwo, kò lè wọ ọkọ̀ akẹ́rù tí èèyàn ti kún. Ìyá Ga ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀ sọ́dọ̀ òun, pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá padà, wọ́n á bá a. Lójúmọ́ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ó gbé kẹ́ńkè àti ẹja díndín wá fún wọn. Màmá pọn ọmọ ọdún kan sẹ́yìn, wọ́n gun orí ẹrù. Wọn ò padà sí Accra mọ́.

Màmá sọ èkejì náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Ṣàgàrí ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà kí oṣù tó parí. Àwọn ọmọ Ghana tó jáde lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n di ẹrù wọn sínú báàgì aláwọ̀ kàlákìnní tí a ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Télọ̀ ọmọ Ghana kan wà ládùúgbò wa. Màmá din gaàrí ìlàjì àpò fún un, wọ́n sì bá a tọ́jú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó rán èèyàn wá gbé e. "Èmi gbé tiẹ̀ fún un," Màmá wí. "N kò mọ̀ bóyá ẹnì kan á gbé tèmi fún mi."

A rántí ẹ̀rọ yẹn. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà ní kékeré bàbá ilé yìí, Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. A ò mọ ìdí títí di alẹ́ yẹn.

Òpin oṣù Keje

A fi ohùn Màmá ránṣẹ́, àlàáfíà padà dé. Ìgbà yẹn ni wàhálà tuntun bẹ̀rẹ̀. Ní òpin oṣù Keje, àwọn kan jáde sí ìgboro Accra, wọ́n gbé àkọlé dání pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Fídíò rẹ̀ kún orí fóònù gbogbo èèyàn. Ẹbí ń pè wá láti Ìbàdàn, láti Èkó, láti London: "Ọmọ yín dà? Ẹ ò ní lọ mú un?"

Màmá ò jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní: "Èmi mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀."

Kí ni òbí máa ṣe? A pe ọmọ. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn dákẹ́ rọ́rọ́, pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré ló ń sin òun délé lálẹ́. A pe òbí ọmọ Nàìjíríà mìíràn tó wà ní Legon, ọ̀rọ̀ wọn bá a mu. Ìjọba Nàìjíríà rán mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Bianca Odumegwu-Ojukwu, lọ sí Accra, Ààrẹ John Mahama sì fi dá a lójú pé kò séwu fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Èyí fi wá lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ọkàn òbí kì í fi gbogbo ara balẹ̀. A pinnu pé a ó lọ fojú ara wa rí i. Bó bá dáa, a ó wo eré rẹ̀. Bí kò bá dáa, a ó mú un bọ̀.

Màmá ti yàrá jáde, wọ́n ti mú gèlè dání. "Èmi náà ń lọ." A ní, "Màmá, ọ̀nà jìn." Wọ́n ní, "Mo mọ ọ̀nà ju yín lọ."

Láti Èkó dé Accra kò pé 500 kìlómítà, ṣùgbọ́n ibodè mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Sẹ̀mẹ̀, Hilla-Condji, àti Aflao tó fẹnu ko Lomé. Gbogbo ibodè lèèyàn á ti sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n á wo pásípọ́ọ̀tù àti káàdì àjẹsára. Gbogbo ọjọ́ la lò lọ́nà. Ní Aflao, òṣìṣẹ́ tó ń lu òǹtẹ̀ wo pásípọ́ọ̀tù Màmá, ó wo ọjọ́ orí wọn, ó ní, "Màmá, akwaaba." Màmá fi Twi dá a lóhùn. Ọmọkùnrin yẹn dìde, ó gbé àga fún wọn.

Ọmọ wa dúró dè wá ní ibùdókọ̀. Ó ti rù díẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ dípò kó kúnlẹ̀, ó fi ń ṣeré. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n di orí rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, wọn ò tètè fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a wá ilé náà lọ. Lagos Town ti yí padà, ṣọ́ọ̀bù fóònù àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kún ibẹ̀. Màmá tọ́ka sí ibì kan, wọ́n tún tọ́ka sí ibòmíràn. A béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó mọ ìyá Ga náà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ ìránṣọ kankan. A ò rí i. Ẹ má ṣe retí pé a ó sọ fún yín pé a rí i. Màmá dúró díẹ̀, wọ́n ra kẹ́ńkè àti ẹja lọ́wọ́ obìnrin kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n kí i ní èdè Ga pé oyiwaladɔŋŋ, ẹ ṣeun. Wọ́n jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Alẹ́ ọjọ́ eré, àgbàlá kan ní James Town ni wọ́n lò, èèyàn jókòó yí ká. Àdúgbò kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Alata, ìtàn wọn sì sọ pé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ti ìhà ọ̀dọ̀ wa wá láyé àwọn òyìnbó tó kọ́ James Fort. Ọmọ wa ló ṣe Màmá: ó fi ìrépé aṣọ pọn ọmọláńgidi, ó gbé abọ́ tánganran lórí. Ọmọbìnrin Ga kan ló ṣe ìyá Ga. Níbi tí ọmọ ẹ̀yìn ti ń ké bí wọ́n ṣe ń gun ọkọ̀, Màmá sọ̀rọ̀ sókè láti orí àga wọn: "Kò ké o! Ó sùn." Àwọn òṣèré dúró. Ọmọ wa wo Màmá, ó gbọ́n ọmọláńgidi náà, ó ní, "Ó ti sùn." Wọ́n ń bá eré lọ. Bàbá ilé yìí, ọmọ ẹ̀yìn náà gan-an, kò lè gbójú sókè títí eré fi parí.

Ọ̀rọ̀ wa fún ẹ̀yin òbí

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ọmọ wa lò nílé kí ilé ìwé tó tún wọlé. Ó tó wa. Ohun tí a kọ́ ni pé kì í ṣe ọmọ nìkan ló gbọ́dọ̀ máa wálé, ilé náà lè lọ bá ọmọ. Bí ọmọ bá ní òun ò tíì lè wá, ẹ má kọ́kọ́ ka ìyẹn sí pé ilé ti sú u. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣe.

Bí ọmọ yín bá ń kọ́ eré, ẹ gba ètò sáà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wọlé: ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ eré, àti aago ìdánrawò, kí ẹ lè mọ ìgbà tí ẹ máa pè. Ẹ fi owó aṣọ eré sínú owó tí ẹ ń ṣírò, torí kì í sí nínú owó ilé ìwé. Kí ọlidé tó dé, ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni ìwé ìgbélùú rẹ̀ yóò parí. Lóòótọ́ ni àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ ìlú ara wa láìgba físà fún 90 ọjọ́, àmọ́ ọmọ ilé ìwé ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìròyìn tó ń dẹ́rù bani bá sì jáde, ẹ gbọ́ tẹnu ọmọ àti tẹnu ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó gba ti fídíò.

Ẹ̀yin tí ẹ sì rò pé eré kì í ṣe iṣẹ́, bí àwa náà ti rò tẹ́lẹ̀, ẹ rántí pé Hubert Ogunde dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, kò sì pẹ́ tó fi kó wọn gba ọ̀nà yìí kan náà lọ sí Ghana, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast. Oúnjẹ ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti ibẹ̀ wá.

Bí ọmọdé láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn wà nínú yàrá àwọn ìyá àti bàbá wa àgbà. Bí ẹ bá ní ẹni tó gbé Ghana, Àbíjàn, Niger tàbí Fernando Po rí nílé yín, ẹ jókòó tì wọ́n nígbà ọlidé yìí. Ẹ má fi ìbéèrè ká wọn mọ́. Ẹ mú ọṣẹ wá, tàbí orúkọ àdúgbò kan, tàbí oúnjẹ kan, kí ẹ sì dákẹ́.

Màmá ti ní kí a bá àwọn ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Wọ́n ní ọmọ yẹn ń ṣe eré ìkẹ́kọ̀ọ́jáde lọ́dún tó ń bọ̀, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún ṣi ibì kan sọ.

Ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ sọ bí ọlidé tiyín ṣe rí. Ó dìgbà kan ná.